Ẹ Jẹ́ Kí N Dán An Wò

"Ẹ jẹ́ kí n dán an wò ná." Bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ohun tuntun tó wọ agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí ìjọba fi kún owó oṣù, bàbá mi ra ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù fún wa ní Tinúbú, ohun ìṣeré oníbátìrì. Ó ń sáré yí ẹní ká dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọn ò ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ọkọ̀ ẹrù wo ni kì í ru ẹrù?" Wọ́n gbé àgádágodo géètì lé e. Ọkọ̀ kérora, ó rú èéfín, ó kú.

Wọ́n gbọn ọwọ́ nù. "Ayédèrú ni. Mo ti mọ̀."

Lọ́dún kejì, ẹ̀gbọ́n mi mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wálé. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣe lanu pé, "Ẹ jẹ́ kí n," ìyá mi ti ń gbé àgádágodo pamọ́.