Ohùn Tí Mi Ò Fi Sínú Ẹ̀rọ Géèmù

Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń jowú ọkùnrin kan, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé ó ti tán. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti kọ́ṣẹ́ títún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe, ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Post Office ní Maiduguri. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé, nítorí náà èmi ni ẹ̀gbọ́n, òun ni àbúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ orí wa kò jìnnà síra. Ọmọ Kànúrí ni, bàbá rẹ̀ ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà Gamboru. Ọmọ Yorùbá ni èmi, Yerwa, bí àwọn Kànúrí ṣe ń pe Maiduguri, ni wọ́n bí mi sí.

Ohun tó ń bí mi nínú rèé: Yorùbá ni ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, fi ń bá a sọ̀rọ̀. Hausa ló fi ń bá èmi sọ. Ẹ̀bi mi ni, mo mọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wá, Bàbá kí mi ní Yorùbá, mo fi Hausa dá a lóhùn, torí òun ló wà lẹ́nu mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "To, Bahaushena," ó sọ mí di Hausa tirẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Nígbà tí ọmọ ẹlẹ́ja dé, ó ní òun fẹ́ gbọ́ èdè ọ̀gá òun. Ó ń béèrè orúkọ gbogbo nǹkan, títí ó fi ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n bí sí Ọ̀yọ́. Èmi náà lọ kọ́ Yorùbá nínú ìwé. Ẹ wò ó, mo ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi bá Bàbá sọ̀rọ̀, Hausa ló fi ń dá mi lóhùn. Mo kàn fẹ́ kó pè mí ní ọmọ rẹ̀ ní Yorùbá, lẹ́ẹ̀kan péré.

Lọ́dún tó kọjá, Bàbá ní ká jí ẹ̀rọ géèmù òun dìde. Ẹ̀rọ náà ga tó kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀dọ̀ kílọ́ọ̀bù ìgbafẹ́ kan tó kógbá sílé ló ti rà á nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́. Fíìmù gidi ló wà nínú rẹ̀, lórí àwo dídán kan tó fẹ̀ tó tíréè oúnjẹ, iná tín-ín-rín kan ló sì ń ka àwo náà. Ọkùnrin kan ń tukọ̀, ó ń sá fún iná lórí omi. Tí o bá ti ọ̀pá sápá ọ̀tún lásìkò, fíìmù á máa lọ. Tí o bá pẹ́, àwo á fò lọ síbi tí ọkọ̀ ti ń rì. Gbogbo wa la ti rì sínú omi yẹn láìmọye ìgbà kí iná tó ń ka àwo tó kú.

Bàbá pín iṣẹ́. Kí àbúrò mi mójú tó àwòrán, kí èmi mójú tó orin, torí mo máa ń tẹ kíbọ́ọ̀dù níbi ìgbéyàwó. Àbúrò mi yọ ẹ̀rọ tó ń ka àwo kúrò, ó fi kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò ju páálí ṣúgà lọ síbẹ̀, ó da fíìmù náà sínú rẹ̀. Bọ́ọ̀dù àtijọ́ tó ń darí géèmù náà ń béèrè àwòrán bó ṣe máa ń béèrè tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà ń gbé e fún un, bọ́ọ̀dù ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwo ti lọ. Àwòrán jáde gbangba. Bàbá gbá a lẹ́yìn, ó ní, "O káre, ọmọ mi." Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mò ń tú wáyà.

Orin inú àwo ti bàjẹ́, ariwo lásán ló kù. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n lórí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ilé mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, fèrè, fayolíìnì, ìlù, ní ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní MIDI. Nílé mi, ó dún bí ẹgbẹ́ olórin ogún èèyàn. Mo gbé e sórí fláàṣì, mo ń yan bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

A tan ẹ̀rọ. Háà! Fayolíìnì mi ń dún bí aago ẹnu ọ̀nà. Ìlù mi dà bí ẹni ń fi ṣíbí lu agolo mílíìkì. Bàbá wò mí, ó ní, "Kai, menene wannan?" Ó ń bi mí pé kí lèyí. Mo nawọ́ sí àbúrò mi. "Ó ti ba iṣẹ́ mi jẹ́! Ìlara ló ń ṣe é!"

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa: àbúrò kì í já ẹ̀gbọ́n níyàn lójú ọ̀gá, kì í sì í kọ́ ọ níṣẹ́ níbẹ̀. Ó tẹrí ba. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Bóyá ọwọ́ mi ló ṣì í." Yorùbá tó dá ṣáká. Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé, mi ò sì yọjú fún ọjọ́ méjì.

Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá pè mí lórí fóònù: "Zo yanzu," pé kí n wá nísinsìnyí. Mo sáré lọ. Orin mi ló ń dún nínú ẹ̀rọ, ó kún, ó gún régé. Bàbá gbé ọwọ́ lé ara ẹ̀rọ náà bí ẹni gbé ọwọ́ lé èjìká ọ̀rẹ́.

"Bí mo ṣe gbọ́ ọ ní kílọ́ọ̀bù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an nìyí," ó wí, ní Yorùbá. "O káre, ọmọ mi."

Omi lé sí mi lójú. Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá."

Nígbà tí Bàbá àti àbúrò mi jáde lọ jẹun, mo ṣí kọ̀ǹpútà kékeré náà, mò ń wá ẹ̀rí ohun tí àbúrò mi fi ba orin mi jẹ́. Iṣẹ́ mi wà níbẹ̀ bí mo ṣe gbé e wá, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ó kéré bíi lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ohun ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí mi ò fi síbẹ̀: ohùn àwọn fèrè àti fayolíìnì gidi. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Kì í ṣe orin ni mo gbé wá. Àṣẹ lásán ni: tẹ ibí yìí, tẹ̀ ẹ́ le tó báyìí, fi í sílẹ̀. Ohùn tí kọ̀ǹpútà bá ní ló máa fi kọ ọ́. Mo ti fi ohùn tó dáa sínú kọ̀ǹpútà ilé mi tipẹ́, mo ti gbàgbé. Ohùn tí wọ́n ṣe mọ́ ọn nìkan ni kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ní. Àbúrò mi ti mọ̀ látìgbà tí orin náà ti bẹ̀rẹ̀, òun ló sì fi ohùn gidi síbẹ̀ nígbà tí mi ò yọjú.

Mi ò sọ fún Bàbá. Láti ọjọ́ náà, Yorùbá ló ń bá mi sọ, mo sì ń jowú ọmọ ẹlẹ́ja ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá ní kí n jókòó kí n kọ́ àbúrò mi bí mo ṣe ṣe orin náà. Àbúrò mi gbé bẹ́ǹṣì wá, ó mú ìwé àti bírò. Bàbá dúró tì wá.

"Ẹ̀gbọ́n," ó bi mí, "níbo lẹ ti rí ohùn tó dáa báyìí?"

Mi ò lè wò ó lójú. Mo ní, "Mo wá a káàkiri ni."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀.