Ohùn Bàbá Dàpọ̀ Nínú Ẹ̀rọ Wa

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo gbé fóònù mi lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba. Bí mo ṣe gbẹ́sẹ̀ wọlé báyìí ni òórùn líìdì gbígbóná kọlù mí nímú, òjé tí wọ́n ń yọ́ láti fi so wáyà pọ̀ yẹn, tí èéfín rẹ̀ máa ń ta ojú bí èéfín igi tútù. Àwọn oníbàárà tó kù ń bo imú. Èmi ń fà á símú. Lójijì ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí inú ń bí mi sí, àfi ìgbà tí mo délé, tí mo jókòó, tí mo wá rí i pé Dàpọ̀ ni. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ìbínú rẹ̀ kò tíì gbó.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, tí ẹ ń fi ìka kan pe fíìmù jáde lójú gíláàsì, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ fún yín bí ayé ṣe rí. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ilé wa wà, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá sín lẹ́nu ọ̀nà á ti gbàgbé kí wọ́n tó ṣàdúrà fún un láti ẹ̀yìnkùlé. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù bàbá mi wà, níbi tí wọ́n ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Èmi nìkan ni ọmọ wọn obìnrin, èmi nìkan náà ni mo fẹ́ràn iṣẹ́ ọ̀hún. Àwọn aládùúgbò ní kò sí ọkùnrin tó máa fẹ́ ọmọ tó ń rùn bí ẹ̀yìn rédíò. Wọn ò sọ ọ́ lẹ́yìn mi. Etí mi ni wọ́n ń sọ ọ́ sí.

Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, ló ni òfin ilé. Òfin kan wà tí kò ní àwáwí: bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, tí àrá kan ṣoṣo bá ti kù, wọ́n á dìde, wọ́n á máa lọ láti yàrá dé yàrá. Wọ́n á fi aṣọ bo dígí, wọ́n á lé àwọn ọmọ kúrò lójú fèrèsé, wọ́n á sì yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì tó wà lára ògiri, ti fáànù, ti fíríìjì, ti rédíò. Wọn kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. "Àrá kì í kanlẹ̀kùn," ohun tí wọ́n máa ń wí nìyẹn.

Inú irú ilé yìí ni èmi àti Dàpọ̀ ti fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ.

Ọmọ Iléṣà ni Dàpọ̀, kíláàsì kan náà la sì wà. Ìgbà tí bàbá rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́ ní Òṣú kú ni wọ́n mú un wá sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Òṣogbo. Ó ga, ó mọ̀wé, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀wé. Bí a bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń pe ilé ní "ulé", á ní bí àwọn tó lajú ṣe ń pè é nìyẹn. Bí àgbò méjì tí wọ́n so mọ́ èèkàn kan ni àwa méjèèjì ṣe ń ṣọ̀rẹ́.

Oníbàárà kan gbé kọ̀ǹpútà tó ti kú wá sọ́dọ̀ bàbá mi, kò sì padà wá gbé e. Bàbá mi fún mi, mo sì tún un ṣe. Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀ tó wà ní yunifásítì fún un ní CD kan tí Línúùsì wà nínú rẹ̀. Línúùsì yìí ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé jí, iṣẹ́ tí wàá ṣe rèé. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá sì lè tú u ló lè tún un tò. Ohun tí a ń wá ni pé ká so ẹ̀rọ náà mọ́ tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, kó jẹ́ pé bí èèyàn bá ti tàn án, kò ní béèrè ohunkóhun. Á kàn kọ ọ́ síta pé tẹ ení fún wáàsí, tẹ èjì fún orin, tẹ ẹ̀ta fún fíìmù. Mo fẹ́ kí Màmá Àgbà lè lò ó láìpe ọmọ kankan.

Dàpọ̀ fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ máa gbé inú háàdì dísíìkì, àpótí tí kọ̀ǹpútà ń kó ẹrù sí. Èmi ní rárá, kó máa jí láti inú dísíkẹ́ẹ̀tì, dísíìkì pẹlẹbẹ tó ṣeé fi sápò, àti CD, kó má kọ nǹkan kan sínú àpótí, kó lè jẹ́ pé ìgbàkígbà tí wọ́n bá fa wáyà rẹ̀ yọ, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Nítorí Línúùsì ayé ìgbà náà, bí ẹ bá pa á láìdágbére fún un, tó bá jí padà, á máa ráhùn, á máa ka ẹrù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyálé tí wọ́n jí ẹja rẹ̀.

"Kọ́ àwọn ará ilé yín bí wọ́n ṣe ń pa ẹ̀rọ," Dàpọ̀ wí.

"Ẹ̀rọ ni kó kọ́ bí àwọn ará ilé mi ṣe ń gbé," mo dá a lóhùn.

Nǹkan bí oṣù mẹ́ta la fi jà á. Ohun tí mo bá tò láàárọ̀, á tú u lálẹ́. Mo fi dísíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pamọ́ sínú àpò gààrí, ó sì fi ọjọ́ méjì wá a, ó ń ṣépè.

Ó wá gbé kásẹ́ẹ̀tì kan dé. Kí bàbá rẹ̀ tó kú, lórí àìsàn, wọ́n ti gba ohùn ara wọn sílẹ̀: wọ́n ń pe àwọn ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kì wọ́n, wọ́n ń ṣàdúrà fún wọn. Ẹyọ kan ṣoṣo ni. Ó ti gbó, gbogbo rédíò tí wọ́n bá fi sí ló ń jẹ ẹ́. Dàpọ̀ fẹ́ ká gbà á sínú ẹ̀rọ kó tó já. Mo ní kó jẹ́ ká parí tèmi ná. Ó ní òun ò ní ọdún méjì láti fi dúró de ọmọ tó ń bẹ̀rù òjò.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, nígbà tí bàbá mi lọ sọ́jà, mo gbà fún un: a fi ètò tirẹ̀ tó ń kó nǹkan sínú àpótí jí kọ̀ǹpútà, a sì so rédíò mọ́ ọn. Ohùn ọkùnrin kan tí mi ò rí rí jáde wá, ó fẹ́lẹ́, ó ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀. Nígbà tó dórí orúkọ Dàpọ̀, Dàpọ̀ kọjú sí ògiri. Kásẹ́ẹ̀tì náà kò ju pé ó parí lọ tí rédíò fi lọ́ ọ mọ́ra, tó já a sí wẹ́wẹ́. Dàpọ̀ kó okùn rẹ̀ sọ́wọ́, ó ní kò burú, ó ṣáà ti wọlé.

Kò tíì wọlé tán. Línúùsì a máa di nǹkan mọ́wọ́ fúngbà díẹ̀ kó tó kó o lọ sínú àpótí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń tẹ̀ láti ní kó lọ kó o pamọ́, lẹ́tà mẹ́rin péré. Èmi ni mo wà nídìí kíbọ́ọ̀dù.

Àrá kù lókèèrè, lápá odò. Mo gbọ́ sílípà Màmá Àgbà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bọ̀ láti yàrá dé yàrá. Dàpọ̀ náà gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá arúgbó yín ti tún dìde. Ará oko gbáà. Lọ sọ fún un kó lọ jókòó."

Mo gbé ọwọ́ mi kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. Mo ká a lé àyà. Mo ń ka ìṣísẹ̀ Màmá, mo sì ń sọ nínú ara mi pé lónìí ni ọmọ Iléṣà yìí máa mọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ nípa wáyà. Wọ́n yọjú, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, òjò ń bọ̀." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì yọ púlọ́ọ̀gì kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí òjò dá, tí iná dé, ẹ̀rọ jí, ó ka ẹrù rẹ̀ títí. Orúkọ tí a fún ohùn náà wà níbẹ̀. Òfo ló wà nínú rẹ̀. Dàpọ̀ kò sunkún. Ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó nàka sí Màmá Àgbà: "Ìwọ ìyá yìí, o ti pa bàbá mi lẹ́ẹ̀kejì."

Màmá Àgbà, ẹni ọgọ́rin ọdún, fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì níwájú ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. "Ọmọ mi, mi ò mọ̀ ni. Ẹ má bínú, ẹ forí jì mí."

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ pé èmi ni mi ò tẹ ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tí mo sọ ni pé, "Jáde nílé wa, aláìlẹ́kọ̀ọ́," mo sì tì í ní ìtìkutì títí tó fi bọ́ síta. Ó gbá mi létí, mo fa ẹ̀wù rẹ̀ ya. Kí sáà ìwé tó tẹ̀ lé e tó wọlé, ó ti padà sí Iléṣà.

Mo parí tèmi. Ó ń jí láti inú dísíkẹ́ẹ̀tì àti CD, ẹ ò bá fa wáyà rẹ̀ yọ nígbà mẹ́wàá lóòjọ́. Mo ní, "Màmá, ẹ tẹ ení, ẹ gbọ́ wáàsí yín." Wọ́n kó ọwọ́ sẹ́yìn. Láti ọjọ́ yẹn, bí àrá bá ti kù, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń dúró sí, wọ́n á máa bẹ àwọn ọmọ kéékèèké pé kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wá yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi kú.

Ìgbà kan ṣoṣo la tún pàdé, níbi ìsìnkú olùkọ́ wa ní Iléṣà. Ó kí gbogbo èèyàn tó wà nídìí tábìlì, ó wá dé ọ̀dọ̀ mi. "Ìyá yẹn ńkọ́?" Mo ní wọ́n ti kú. "Ó dáa," ó wí, ó sì kọjá. Ìjẹ́wọ́ náà ti wà lórí ahọ́n mi tẹ́lẹ̀. Mo gbé e mì, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ "ó dáa" yẹn tó fún mi ní ìdí láti máa bínú sí i.

Ẹ̀rọ ayé ìsinsìnyí gbọ́n ju tiwa lọ. Ẹ fa wáyà rẹ̀ yọ, á jí, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ láti ibi tó dé. Kò sí ẹni tó ń bo dígí mọ́, èmi pàápàá kì í bò ó. Ṣùgbọ́n ìkórìíra méjì wà, ọ̀kan ní Òṣogbo, ọ̀kan ní Iléṣà, tí kò sí ọjọ́ tí a yọ púlọ́ọ̀gì wọn. Mo mọ ilé Dàpọ̀. Ọkọ̀ kan péré ló débẹ̀ láti ibí. Ó ń bínú sí òkú tí kò ṣẹ̀ ẹ́, mo sì jẹ́ kó máa bínú, nítorí ọjọ́ tí mo bá lọ sọ fún un, èmi náà ò ní rí ẹlòmíràn bínú sí mọ́ àfi ara mi.