Ìpolówó Ṣùkúrù Onímọ́tò Búrẹ́dì

Ká sọ tòótọ́, Ṣùkúrù mọ mọ́tò wà. Bí òjò bá sọ ọ̀nà East-West di odò, òun ni yóò gbé búrẹ́dì kọjá tí omi ò ní kan ọ̀rá kan. Ṣùgbọ́n ẹ má ní kó sọ̀rọ̀ o. Ó lè ti Alakahia wakọ̀ dé Alesa kó má la ẹnu ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ìyẹn náà, ó yán ni.

Lọ́dún 2022 ni iléeṣẹ́ rẹ̀ gbé òfin tuntun dé. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Belema, ọ̀gá wọn obìnrin, kó àwọn awakọ̀ jọ: kí wọ́n máa gbé búrẹ́dì kiri nìkan kò tó mọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ máa tà á lọ́nà.

"Driver wey no sell one crate reach Saturday, make e drop my key."

Kọ́kọ́rọ́ yẹn ló ń bọ́ ìyàwó Ṣùkúrù àti ọmọ mẹ́ta. Ọ̀ràn wá di gbankọgbì. Ó dúró síwájú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Alakahia, ó gbé búrẹ́dì lọ́wọ́ bí ẹni tó ń wá ẹni tó ni ín. "Buy bread" tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ju ohùn ẹ̀fọn lọ. Títí ilẹ̀ Fúráìdè fi ṣú, ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn.

Láàárọ̀ Sátidé, ó dúró sí àdúgbò tí wọ́n ti bí i ní Rumuokwurushi. Òpópónà yìí gan-an ni ìyá rẹ̀ ti ń kiri mọ́ínmọ́ín nígbà tí Ṣùkúrù wà ní kékeré. Obìnrin ará Ìsẹ́yìn náà kò gbọ́ pijin, kò sì dà á láàmú. Yorùbá ló fi ń polówó fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá, wọ́n sì ń gbé abọ́ jáde. Ojú a máa ti Ṣùkúrù nígbà náà. Ìyá náà ti lọ báyìí, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un.

Ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò. "Buy bread" ló fẹ́ wí. Ohun tó jáde nìyí:

"Ó gbóná o, ó gbóná fẹlifẹli!
Ọmọ jẹ ẹ́ tán, ó gbàgbé ẹkún!
Baálé jẹ ẹ́ tán, ó gbàgbé ìjà o!"

Orí rẹ̀ wú. Ohùn yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Ohùn tó máa ń lọ sókè fíntín níparí yẹn, ìyá rẹ̀ ló ni ín, kò sì mọ̀ pé ó ti ń gbé inú òun láti ọjọ́ yìí.

Géètì kan dún. Mama Ibinabo, arúgbó tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, táràrà jáde pẹ̀lú abọ́ tánganran lọ́wọ́.

"Mama Sukuru! Where you go since? Give me four, put fish."

"Mama, na me, Sukuru. Na bread I carry." Ó fi búrẹ́dì kan kàn án lọ́wọ́. "My mama don die."

Arúgbó náà sún mọ́ mọ́tò.

"Die how? Person wey just call me now-now?" Ó na abọ́ sí i. "Oya, put the bread. But call am again."

Ṣùkúrù tún un ké, tomijé tomijé. Géètì kejì ṣí, ẹ̀kẹta ṣí. Búrẹ́dì tán.

Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lápò rẹ̀ dòní. Belema bi í léèrè bó ṣe ń tà á, ó ní òun kọ́ ló ń tà á, ìyá òun ni.