Àwọn Ìwé Tí A Fẹ́ Kó Sínú Pósí Bàbá Tíṣà

Áà, Bàbá Tíṣà, ó dìgbà o! Ẹkún ló yẹ kí n máa sun, ṣùgbọ́n ìtìjú kò jẹ́ kí n sunkún bó ṣe yẹ. Èmi Fọlákẹ́, àbígbẹ̀yìn yín, ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀.

Tíṣà àgbà, alàgbà ìjọ, oníkòkó abúlé Omifunfun tó kọ́lé fún àlejò kó tó tún òrùlé ara rẹ̀ ṣe! Gbogbo ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí Bìní ló ń dúró ní Ọ̀rẹ̀ kí èrò lè jẹun. Ẹ̀yin nìkan lẹ rò ó pé èèyàn lè dúró níbẹ̀ kàwé. Ẹ kọ́ yàrá méjì: ìwé nípa ìtàn àti èdè àwọn Júù kún ọ̀kan, bẹ́ẹ̀dì àlejò wà nínú èkejì. Ẹ ní ẹ ò lè máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Sáàmù àwọn èèyàn tí ẹ kò mọ ìtàn wọn.

Nígbà tí ìjọba ológun dé, tí ọ̀wọ́n gógó gbòde, tí ìwé tuntun kò wọ yunifásítì mọ́, ọ̀dọ̀ yín làwọn ọ̀mọ̀wé tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwọn Júù ń wọ́ wá. À ń tò fún ṣúgà, síbẹ̀ tíì àlejò kì í ṣàìdùn. Bí Màmá bá ń kùn, ẹ ó ní, “Ẹ jẹ́ kó jẹun ná, ẹ jẹ́ kó sùn, ìwé kì í wọ orí ẹni tó ń tòògbé.” Àlejò kan pẹ́ títí, Màmá bi yín bóyá ó ti di ara ẹbí. Ẹ ní kó bu ẹ̀bà kún ti àlejò náà.

Bàbá, ẹ wo ohun tí a ṣe. Nípàdé ẹbí, èmi ni mo dábàá pé, níwọ̀n bí a ti ń fi ohun tí olóògbé fẹ́ràn sin ín, kí a kó àwọn ìwé ńláńlá yẹn tì yín. Gbogbo ẹbí pàtẹ́wọ́. Káfíńtà fẹ pósí, a di ìwé sínú aṣọ funfun, a sì gbé bẹ́ẹ̀dì àlejò fún àwọn àna.

Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀mọ̀wé Dáníẹ́lì, Júù tó máa ń ti òkè òkun wá dé sọ́dọ̀ yín, wọlé láti kí wa. Orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí, kò sí ibi tí a ó fi í wọ̀ sí. Mo fi ẹrù ìwé hàn án, inú mi ń dùn, mo sọ ohun tí a fẹ́ fi í ṣe. Ó wá fi Yorùbá tí ẹ kọ́ ọ sọ pé, “Àwa náà máa ń sin ìwé sí itẹ́ òkú wa. Ṣùgbọ́n ó dìgbà tó bá gbó tí kò ṣeé kà mọ́.”

Ojú tì mí, Bàbá. Inú ìwé lẹ ti tọ́ mi, n kò sì mọ̀ pé kì í ṣe ara yín nìkan lẹ kó o jọ fún. N kò lè wo ojú àlejò yín.

A ti tú ẹrù náà. Àwọn àna ti gbà láti sùn sórí ẹní, bẹ́ẹ̀dì ti padà sáyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n pósí tí a ti fẹ̀ kò ṣeé dín mọ́. Àyè yóò ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, gbogbo èrò ni yóò sì rí i. Ẹ dárí jì mí. Ọwọ́ òfo lẹ ó fi lọ, Bàbá mi, kí àlejò yín lè rí ìwé kà. Ẹ sùn re o.