Jacob, Aṣojú Àwọn Obìnrin

Ní ọdún 1963, ìpàdé kan sọ Jacob Ọládòṣù, àgbẹ̀ oníkòkó ní abúlé Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ nítòsí Erúnmu, di obìnrin.

Ọ̀gá àgbẹ̀ kan, òṣìṣẹ́ ìjọba láti Ìbàdàn, ló wá bá baálẹ̀ pé kí wọ́n yan ìgbìmọ̀ tí yóò pinnu ibi tí wọn yóò ro àti ibi tí wọn yóò dá sí, títí kan odò. Ó ní obìnrin kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tó lọ tán, àwọn àgbà forí korí. Wọn kò fẹ́ tàpá sí ìjọba, wọn kò sì fẹ́ kí obìnrin jókòó síbi ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Baálẹ̀ ní kí Jacob ṣe obìnrin náà. Ohùn rẹ̀ tutù, aláàdúrà sì ni, tó ń wọ aṣọ funfun gbọọrọ lọ́jọ́ ìsinmi.

Jacob rò pé àwàdà ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó délé, ó ròyìn fún Àpèkẹ́ ìyàwó rẹ̀. Àpèkẹ́ wò ó títí, ó wá ní bí yóò bá ṣojú àwọn, kó kọ́kọ́ bá àwọn pọnmi.

Ó bá wọn pọn ọ́n. Lódò, ó rí i bí àwọn ọkùnrin ṣe ń fọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín oògùn sí kòkó, tí omi mímu ń hó bí ọṣẹ. Àwọn obìnrin tún fi igi tí wọ́n ń já èso rẹ̀ ṣe irú hàn án, tí ìgbìmọ̀ fẹ́ gé.

Jacob sọ gbogbo rẹ̀ nípàdé. Inú bí àwọn àgbà. Wọ́n ní obìnrin kì í sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Baálẹ̀ ní kó lọ bu omi wá fún àwọn. Jacob lọ bù ú lódò, níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀rọ gan-an. Kò sẹ́ni tó mu ún.

Nígbà tí ọ̀gá àgbẹ̀ padà wá, ó béèrè obìnrin wọn. Gbogbo wọn nawọ́ sí Jacob. Ọ̀gá náà wo irùngbọ̀n rẹ̀, ó wo oòrùn tó ń wọ̀ bí ẹni tó ń kánjú relé, ó sì kí i pé, “Ẹ kú ìjókòó, mà.”

Jacob dìde. “Mo ti ṣe obìnrin fún yín látìgbà òjò. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni ín ṣe é.”

Ó pe Àpèkẹ́ wọlé, ó sì fi àga rẹ̀ fún un. Baálẹ̀ kò lè lé e lójú àlejò.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ kí wọ́n tó gbà. Wọ́n dá igi irú sí, àfi mẹ́ta tí baálẹ̀ ti yára gé. Wọ́n ní kí kòkó jìnnà sí etí odò. Ìyẹn dun Jacob, torí etí odò ni tirẹ̀ wà. Ó fẹ́ padà sínú ìgbìmọ̀ lọ́kùnrin. Wọ́n ní àyè ọkùnrin ti kún. Ó bá Àpèkẹ́ sọ ọ́ nílé. Àpèkẹ́ gbọ́ ọ dáadáa, ó ní òun yóò gbé e dé ìpàdé. Ó gbé e débẹ̀ lóòótọ́, wọn kò gbà.

Jacob fọwọ́ ara rẹ̀ hú kòkó náà, ó ń kùn. Àwọn obìnrin gbà á láyè kó gbin kókò síbẹ̀, èyí tí wọ́n ń sè jẹ, tí kò nílò oògùn.