Sàráà tí Mo Ṣe fún Géèjì

Mo ti ṣe sàráà fún ọmọ, mo ti ṣe fún ilé, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn ará àdúgbò mi ní Ọjà Igbó ṣì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ mi títí di òní ni èyí tí mo ṣe fún géèjì lọ́rì.

Awakọ̀ ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé. Àgbàdo ni mo máa ń kó láti Ìkòyí-Ilé lọ sí Ọ̀yọ́, lọ́rì kan ṣoṣo tí mo ní ni mo sì fi ń kó o. Lọ́dún tó kọjá, tọ́bò lọ́rì náà, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì, jó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì lọ. Ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe tán, ìyàwó mi ní kí n jókòó. Ó ní, "Ẹ gbọ́ o, bí ẹ́ńjìnnì yìí bá tún kú, títà ni. Àbúrò yín tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ní Ọ̀yọ́ sì ń wá dẹ́rẹ́bà."

Kí n lọ máa wakọ̀ fún àbúrò mi! Ọmọ tí mo gbé pọ̀n, tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́, kí ó wá máa fi fóònù pè mí pé mo pẹ́ débi iṣẹ́! Inú mi bàjẹ́.

Mo gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì mi lọ, bàbá àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní èéfín tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì ló ń yí tọ́bò; bí ọ̀nà rẹ̀ bá dí níwájú, èéfín á há síbẹ̀ bí èrò tó fẹ́ jáde ní mọ́sáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ṣí, ooru á sì ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ó ní géèjì kan wà tó ń fi hàn bí èéfín ṣe ń tì tó kó tó dé tọ́bò. Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ti gòkè ju bó ṣe yẹ lọ, kí n dúró, kí n wá ohun tó ń dí i.

Mo ní kí a fi sí i lójú ẹsẹ̀, mo sì sọ ara mi di ọ̀gá iṣẹ́. Mo ní kí ó kàn lu ihò sára irin tí èéfín ń gbà jáde, kó má wulẹ̀ tú u, nítorí mo fẹ́ kó ẹrù lọ́jọ́ kejì. Ó wò mí, ó ní ṣé kí ẹ̀rún irin bọ́ sínú tọ́bò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni? Ó tú u. Ó lu ihò náà, ó de páìpù kọ́pà mọ́ ọn, ó wé páìpù ọ̀hún róbótó-róbótó kí ooru lè rọlẹ̀ kí èéfín tó dé ọ̀dọ̀ rọ́bà tó lọ bá géèjì níwájú dẹ́rẹ́bà. Mo ní wíwé yẹn ò dára lójú. Ó ń wé e lọ. Nígbà tó parí, ó ní, "Dúdú èéfín máa ń dí páìpù yìí. Lóòrèkóòrè, máa tú u, kí o fẹ́ atẹ́gùn sí i."

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, sà." Irú "ẹ má ṣèyọnu" tí mo máa ń sọ nígbà tí mi ò gbọ́ nǹkan kan ni.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e jáde, géèjì ni mò ń wò ju títì lọ. Bí mo bá ti ń gun òkè, abẹ́rẹ́ á fò sókè, àyà mi náà á já. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀, abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fara balẹ̀. Nígbà tó yá, òkè ni, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, ó sùn sórí òdo. Ẹlòmíràn á ti béèrè pé kí ló dé. Èmi ní ọwọ́ mi ló tù ú lára. Ní gáréèjì, mo kọ́ àwọn dẹ́rẹ́bà tó ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí mi ní bí wọ́n ṣe ń tẹná. Lọ́rì ò tilẹ̀ lágbára mọ́ lórí òkè bíi tàtijọ́. Mo ní ìwà pẹ̀lẹ́ ni.

Ìyẹn ló mú mi ṣe sàráà. Ìyàwó mi dín mọ́sà, mo pe Àáfà àdúgbò, mo pe mẹkáníìkì, mo sì pe àbúrò mi láti Ọ̀yọ́, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i pé mi ò ní wá. A pé jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́rì. Àáfà ní òun fẹ́ rí ohun tí òun fẹ́ torí ẹ̀ ṣàdúrà. Mo fi géèjì hàn wọ́n, mo sì ṣáná sí ọkọ̀, mo tẹná gidi. Abẹ́rẹ́ ò mì.

Mo ní, "Ẹ ò rí i? Àlàáfíà ni."

"Àlíhámúdùlílááì," ni Àáfà wí. Gbogbo wọn ṣe àmín.

Mẹkáníìkì ò ṣe àmín. Mọ́sà wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń wò mí. "Ìgbà wo lo tú páìpù yẹn kẹ́yìn?"

Mi ò fọwọ́ kàn án rí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ó tú u. Èmi tí mo ṣì fẹ́ fi hàn pé mo mọ nǹkan kan, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fẹnu sí i, mo fẹ́ ẹ. Kò lọ. Mo fẹ́ ẹ tagbáratagbára. Mo ti gbàgbé pé róbótó ni wọ́n wé e, pé ẹnu rẹ̀ kejì kọjú sí èmi gan-an. Gbogbo dúdú èéfín tó ti há síbẹ̀ tú sí mi lójú, ó tú sí aṣọ funfun tí mo wọ̀ fún sàráà. Títí di òní, mo máa ń kọ́kọ́ wo ibi tí ẹnu kejì kọjú sí kí n tó fẹ́ ẹ. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mẹkáníìkì dá páìpù padà, ó ní kí n tẹná. Abẹ́rẹ́ fò kọjá ibi tó yẹ kó dúró. Ẹ̀rín tán. Wọ́n tú sàlẹ́ńsà, agolo irin tó ń pa ariwo èéfín níwájú tọ́bò, wò: irin inú rẹ̀ ti ya, ó ti wó di ọ̀nà èéfín. Mẹkáníìkì ní bí mo bá fi lè gbé ọkọ̀ náà lọ sí Ìkòyí-Ilé lọ́jọ́ kejì bí mo ṣe ń gbèrò, tí mo sì di ẹrù gun òkè, tọ́bò tuntun náà ò ní bá mi padà. Mo rí ara mi nínú ọkọ̀ búlọ́ọ̀kù.

Àáfà ní kí wọ́n má gbé mọ́sà kúrò, pé sàráà ti ṣiṣẹ́ tó wá ṣe. Ó tún àdúrà gbà. Èyí ni mo ṣe àmín rẹ̀ tọkàntọkàn, pẹ̀lú eyín tó dúdú.

Nígbà tí àbúrò mi ń lọ, mo sìn ín dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Mo ní kó má bínú, mo mọ̀ pé ó ti ń retí mi. Ó na áńkáṣíìfù rẹ̀ sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ta ló ń retí yín? Ìyàwó yín bẹ̀ mí lóòótọ́, mo sì sọ fún wọn pé mi ò lè gbà yín. Ẹ kì í gbọ́ràn."

Gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, ẹ̀rù pé yóò gbà mí síṣẹ́ ni mo fi ń wakọ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ó lè má gbà mí.