Káàdì Ìyábọ̀ àti Wáyà Olójú Mẹ́jọ

Ọjọ́ tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún èmi nìkan, háà, inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò! Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Bọ̀dá Ràṣídì ń lọ kírun, wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ sí mi. Kọ̀ǹpútà la máa ń tún ṣe n'Ílaró. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdírì, tí wọ́n ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, èmi náà ni mo jókòó sórí àga ọ̀gá yẹn!

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, ti Ìyábọ̀, ọ̀rẹ́ mi nílé ìwé. Láti Ifọ́nyìntẹ̀dó ló ti wá. Ó ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ilé fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra káàdì tó ń jẹ́ kí àwòrán yá. Káàdì yẹn ń jẹ iná gan-an, wáyà olójú mẹ́jọ ló fẹ́. Olójú mẹ́fà ló wà lára páwà páàkì Ìyábọ̀, ìyẹn àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà. Àsopọ̀ kékeré kan wà tó ń sọ mẹ́fà di mẹ́jọ, Kútọnu la sì ti ń rà á. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ti bọ́dà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé ẹrù gba Ìdí-Ìrókò mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Ìyábọ̀ ti bẹ ọ̀gá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, Mọ́ńdè ni kọ́ńtírátọ̀ Ayétòrò fẹ́ gba àwòrán ẹ̀. Bí mi ò bá rí i ṣe, á gbé e fẹ́lòmíì."

"Fara balẹ̀. Mo ti ránṣẹ́ sí Kútọnu. Ẹ dúró dè é."

Ta ló fẹ́ dúró? Bí wọ́n ṣe lọ tán, mo tú páálí àlòkù wa, mo rí wáyà olójú mẹ́jọ kan tó jẹ́ ti páàkì mìíràn tó ti kú. Ẹnu kan wọ káàdì. Ẹnu kejì, tó jẹ́ olójú mẹ́fà, wọ páàkì Ìyábọ̀, ó dún káà!

"Ìyábọ̀, ó wọ̀! Ó wọ̀ o!"

"Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ lọ̀gá! Kí Bọ̀dá yáa máa gbélé!"

Ó ń jó, èmi náà ń jó. Mo tan án. Èéfín yọ, òórùn ike jíjó gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

Ìgbà tí Bọ̀dá Ràṣídì dé, wọ́n fa wáyà yẹn yọ, wọ́n pè mí sẹ́yìn ilé.

"Ẹnu tó ń wọ káàdì, bákan náà ló rí níbi gbogbo. Ẹnu tó ń wọ páàkì, oníkálukú ló ń to tiẹ̀. Ibi tí iná yẹ kó gbà padà, ibẹ̀ lo rán an gbà lọ. Káàdì ẹ̀ ti jó o."

"Kí ni mo máa sọ fún un?"

"Sọ pé iná ló gbé e. Ta ni iná ò tíì ba nǹkan jẹ́ fún nílùú yìí?"

Mo padà sínú ṣọ́ọ̀bù, mo sọ ọ́. Ìyábọ̀ wo gílóòbù òkè, ó pòṣé. Ẹkún gbọ̀n mí, òun ló wá dì mọ́ mi.

"Má sunkún mọ́. Ìwọ ṣáà gbìyànjú."

Kọ́ńtírátọ̀ gbé iṣẹ́ ẹ̀ fẹ́lòmíì. Nígbà tí Ìyábọ̀ wá gbé kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó gbé gààrí wá fún mi, ó ní torí wàhálà tí mo ṣe. Mo gbà á. Mo mu ún.

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí, iṣẹ́ yìí ṣì ń dùn mọ́ mi bí oyin. Kò sí wáyà tó ń kúrò lára páàkì tiẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo fi téèpù so wọ́n pọ̀. Ìyábọ̀ ò ra káàdì mìíràn mọ́. Ẹ̀gẹ́ ló ń rin pẹ̀lú màmá ẹ̀. Bá a bá pàdé lọ́jà, á máa sọ fáwọn èèyàn pé, "Ẹ wò ó, eléyìí jà fún mi o, iná ni ò jẹ́."

Mo máa ń rẹ́rìn-ín.

Ìyábọ̀, kì í ṣe iná. Èmi ni.